Iná Tó Ń Mú Iṣan Ṣiṣẹ́: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Sanwó Fún EMS

Bóyá ẹ ti rí i lórí fóònù yín. Ẹnì kan wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí wáyà so mọ́, ó lóṣòó díẹ̀, ó tún nàró, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìpolówó náà á wá sọ pé ogún ìṣẹ́jú péré lọ́sẹ̀ ti tó, pé kò sídìí láti máa sáré tàbí láti máa gbé irin. EMS ni wọ́n ń pè é. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú kí iṣan gbogbo ara ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwa tá à ń gbé ní Niamey mọ ìdí tí irú ọ̀rọ̀ yìí fi ń wọni létí. Tó bá di oṣù April àti May, ooru ọ̀sán máa ń ju ìwọ̀n 40 lọ. Ẹni tó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́ ní Grand Marché tàbí ní Katako, ṣé ó tún kù tó máa lọ sáré lórí afárá Kennedy? Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ńkọ́, ṣé òun náà á lọ máa gbé irin ni? Tí wọ́n bá wá sọ pé ẹ̀rọ kan wà tó lè bá wa ṣe é, ó dájú pé a máa fẹ́ gbọ́.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo ohun tí EMS jẹ́, ohun tó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti ẹni tí kò yẹ kó sún mọ́ ọn. A ò bá ẹnikẹ́ni polówó ọjà, a ò sì sọ pé irọ́ pátápátá ni. Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹ̀rọ yìí ń mú iṣan ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bó sì ṣe lè mú un ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀ ni ewu tó wà níbẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé garawa omi, ọpọlọ yín ló máa kọ́kọ́ ránṣẹ́. Iná kékeré ni iṣẹ́ tó ń rán. Ó máa ń gba inú àwọn okùn tín-ín-rín tó ti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wá títí tó fi máa dé inú iṣan. Gbàrà tó bá dé ibẹ̀, iṣan á súnkì, apá yín á sì gbé garawa. Ohun tí EMS ń ṣe ni pé kò dúró de ọpọlọ. Láti ìta ara ló ti ń rán iná sí àwọn okùn yẹn, iṣan á sì súnkì bíi pé ọpọlọ ló pàṣẹ.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n á wá de jákẹ́ẹ̀tì àti bẹ́líìtì mọ́ yín lára. Páàdì wà nínú wọn, wọ́n sì máa ń fi omi rin páàdì náà kí iná lè kọjá. Páàdì máa ń wà fún itan, ìdí, ikùn, ẹ̀yìn, àyà àti apá. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, iná á wá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6, á dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4, á sì tún wá. Ní ìgbà tí iná bá ń wá, ẹ̀rọ á máa kan iṣan ní nǹkan bí ìgbà 85 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yin náà ò ní kàn dúró lásán. Ẹ ó máa lóṣòó díẹ̀, ẹ ó máa na apá, ẹ ó máa tẹ ẹ̀yìn. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan lè béèrè pé, ‘Ṣé iná ò ní gbé èèyàn báyìí?’ Iná Nigelec tó wà lára ògiri ilé wa jẹ́ 220 fólítì, ó sì lè pààyàn. Iná ti ẹ̀rọ EMS yàtọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó dáa máa ń dín iná kù gan-an, á sì gé e sí wẹ́wẹ́, débi pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ ẹ̀rọ tí kò ní orúkọ, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀. Ẹ má sì ṣe wọ èyíkéyìí sára nígbà tó bá ṣì wà lẹ́nu ṣájà.

Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́: òjíjí ti ṣe é kí ẹ̀rọ tó dé

Àwọn apẹja Odò Ọya ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn pé iná lè mú kí iṣan gbọ̀n. Wọ́n mọ òjíjí. Ẹja yìí wà nínú odò tó gba àárín Niamey kọjá lọ sí Nàìjíríà, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án láìmọ̀ ò ní tún irú ẹ̀ ṣe mọ́. Èyí tó bá tóbi nínú wọn lè tú iná tó tó 350 fólítì jáde. Ó ti lé ní 4,000 ọdún tí àwọn ará Íjíbítì ti ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ibojì kan ní Saqqara. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn kan nílùú Róòmù tó ń jẹ́ Scribonius Largus kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹja inú òkun kan tóun náà ń gbé iná tọ́jú ẹni tí orí ń fọ́ àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Lọ́dún 1791, Luigi Galvani, tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé nílùú Bologna ní Ítálì, tẹ ìwé jáde nípa bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú ṣe ń ta nígbà tí iná bá kàn án. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lóye pé iná ni iṣan ń gbọ́ràn sí. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná díẹ̀díẹ̀ tọ́jú àwọn tí iṣan wọn ti rọ, irú bí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù tàbí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún. Iṣan kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló sì máa ń ṣe é.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Yakov Kots, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Rọ́ṣíà, sọ pé òun fi iná mú kí agbára àwọn eléré ìdárayá fi bí ìdá 40 nínú 100 pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ láwọn ilẹ̀ míì dán an wò, ṣùgbọ́n wọn ò rí àbájáde tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti wá sọ ọ́ di eré ìmárale fún gbogbo ara. Ilé-iṣẹ́ miha bodytec, tó wà nítòsí ìlú Augsburg, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007, látìgbà yẹn sì ni irú ilé eré ìmárale bẹ́ẹ̀ ti ń tàn káàkiri ayé.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ti ilé ìwòsàn, iṣan kan ni, fún aláìsàn kan, lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ti ilé eré ìmárale, gbogbo iṣan ńláńlá inú ara ni, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ló fa gbogbo ohun tá a fẹ́ sọ báyìí.

Kí ló lè ṣe fún wa?

Yunifásítì Erlangen-Nürnberg ní Jámánì wà lára àwọn tó ti ṣèwádìí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wolfgang Kemmler ló sì ń darí iṣẹ́ náà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016, wọ́n kó ọkùnrin 48 tí wọn ò kì í ṣe eré ìmárale jọ. Ẹni 30 ọdún sí 50 ọdún ni wọ́n. Wọ́n ní kí apá kan máa gbé irin tagbáratagbára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí apá kejì sì máa ṣe EMS fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, agbára ẹsẹ̀ àti iṣan àwùjọ méjèèjì ti pọ̀ sí i, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn ò tó nǹkan.

Wọ́n tún ṣe ìwádìí míì pẹ̀lú obìnrin 75 tó ti lé ní 70 ọdún. Iṣan àwọn ìyá yìí ti ń gbẹ, àmọ́ ọ̀rá pọ̀ lára wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, iṣan àwọn tó ṣe EMS pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí jẹ́, torí tí iṣan arúgbó bá ti gbẹ, ìdìde lórí àga á di ìṣòro, ìṣubú á wá, egungun á kán. Ìyá tí orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, tí kò lè gbé irin, tí kò lè rìn jìnnà, lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà nídìí EMS tí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Torí náà, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀tàn lásán ni EMS ò tíì wádìí tó. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn ìwádìí yìí wáyé níbi tí wọ́n ti yẹ ara olúkúlùkù wò ṣáájú, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ó ń fa ikùn wọlé?

Ìbéèrè yìí lọ̀pọ̀ ń béèrè, torí ohun tí ìpolówó ń tẹnu mọ́ jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àwọn onímọ̀ Erlangen kan náà wọn okun tí ara ń jó nígbà téèyàn bá ń ṣe eré ìmárale fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Láìsí iná, ó jẹ́ nǹkan bíi kálórì 352 ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n fi iná kún un, ó di 412. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 ní wákàtí kan, ogún ìṣẹ́jú sì ni EMS. Ìyẹn ni pé iná náà fi nǹkan bí ogún kálórì kún un.

Kí ni ogún kálórì? Ó fi díẹ̀ ju ṣúgà oníhóró kan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ṣúgà sínú tíì ní fada, ẹ mọ̀ pé ife kékeré kan ti gbé e mì. Kódà nínú ìwádìí àwọn ìyá 75 yẹn, iṣan pọ̀ sí i, àmọ́ ọ̀rá ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù.

Bẹ́líìtì ikùn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún burú ju ìyẹn lọ. Ní May 2002, FTC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé àwọn tó ń ta AB Energizer, AbTronic àti Fast Abs lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń sọ fáráyé pé bẹ́líìtì oníná wọn lè sọ ikùn di pẹlẹbẹ láìṣe eré ìmárale kankan, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ohun tó máa fa ikùn wọlé ò yí padà: kéèyàn dín oúnjẹ kù, kó dín ṣúgà àti òróró kù, kó sì máa rìn.

Ibi tí ewu wà

Tẹ́ ẹ bá ń gbé irin, tí iṣan bá ti rẹ̀, ara yín á sọ fún yín. Apá á máa gbọ̀n, ọwọ́ á jù ú sílẹ̀. Ọpọlọ ló ń dáàbò bo iṣan nìyẹn. Àmọ́ EMS kì í gba ọ̀dọ̀ ọpọlọ kọjá. Tí olùkọ́ bá ń yí iná náà sókè, iṣan á máa súnkì bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ iṣan ńlá ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pa pọ̀.

Tí iṣan bá ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, ó máa ń fọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tó ń tú jáde ni èròjà tí wọ́n ń pè ní creatine kinase, òun làwọn dókítà sì fi ń mọ bí iṣan ṣe fara pa tó. Àwọn onímọ̀ Erlangen jẹ́ kí àwọn èèyàn 26 tára wọn dá ṣáṣá ṣe EMS àkọ́kọ́ wọn débi tí agbára wọn mọ. Èròjà yìí di ìlọ́po 117 nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé góńgó. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe é, ara wọn ti mọ́ ọn lára, kò sì ga bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ ló léwu jù. Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ yẹn náà ni oníbàárà máa ń fẹ́ fi hàn pé òun lágbára, tí ẹni tó ń tajà náà sì máa ń fẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára.

Tí ohun tó tú jáde látinú iṣan bá ti pọ̀ jù, kíndìnrín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lè dí. Rhabdomyolysis lorúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní January 2016, Iléeṣẹ́ Ìlera ní Ísírẹ́lì kìlọ̀ fáwọn aráàlú nípa EMS, lọ́dún yẹn kan náà sì làwọn dókítà ilẹ̀ náà kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ pé ó ti tó àkókò láti fi òfin darí bí wọ́n ṣe ń lò ó, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́kùnrin ẹni 20 ọdún kan dèrò ilé ìwòsàn. Ní Jámánì gan-an, níbi tí EMS ti gbilẹ̀ jù, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 31, 2020, tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn àmì rèé: kí iṣan máa dunni kọjá bó ṣe yẹ, kó wú tàbí kó le gbagidi, kí apá tàbí ẹsẹ̀ má ṣe é gbé, kí èèyàn má fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ mọ́, tàbí kí ìtọ̀ dúdú bíi tíì tó ti hó pẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé ‘á lọ tó bá dọ̀la’. Ẹ má sì lo oògùn ara ríro bí ibuprofen, torí òun náà máa ń ni kíndìnrín lára. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ tààràtà, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ṣe EMS. Kódà tó bá ti tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ sọ ọ́.

Ohun tó kan àwa gan-an

Ibi tí ooru ò ti mú tó tiwa ni wọ́n ti kọ ìlànà EMS. Nǹkan mẹ́ta wà tó yẹ kí àwa fi kún un.

*Ooru.* Ìlànà tí àwọn onímọ̀ Jámánì gbé jáde sọ pé kéèyàn mu nǹkan bí ìdajì lítà omi ṣáájú, kó sì jẹun ní wákàtí bíi méjì ṣáájú. Lójú ooru Niamey, òógùn ti lè gba omi ara kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tí omi ò sí nínú ẹ̀ kì í lè fọ ìdọ̀tí iṣan kúrò nínú kíndìnrín. Nígbà tí Nàìjíríà gé iná tó ń fún Niger lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní July 2023, gbogbo wa rí bí yàrá ṣe ń rí tí fáànù ò bá yí. Ẹ má ṣe irú eré ìmárale yìí nínú yàrá tó gbóná.

*Ààwẹ̀.* Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ramadan ò lè mu omi tí ìlànà yẹn ní kó mu, kò sì lè jẹun ṣáájú. Kó fi EMS sílẹ̀ ní ojú ààwẹ̀. Kò sí ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*Jẹ́nótáìpù.* Ọ̀rọ̀ yìí ni ìpolówó kì í sọ rárá. Ọ̀pọ̀ lára wa ni AS, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀. Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn sójà aláwọ̀ dúdú 47,944 ní Amẹ́ríkà. Ewu pé iṣan máa fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ torí iṣẹ́ àṣekára fi ìdá 54 nínú 100 pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ AS ju àwọn yòókù lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kú jù wọ́n lọ. Ìwádìí yẹn ò dá lórí EMS, iṣẹ́ sójà ló dá lé. Àmọ́ iṣan kan náà ni, ewu kan náà sì ni. Kì í ṣe pé kí AS má ṣe eré ìmárale o. Ohun tá à ń sọ ni pé kó mọ ara rẹ̀, kó máa mu omi, kó sì jìnnà sí ohunkóhun tó bá máa fipá mú iṣan rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC ò gbọ́dọ̀ dán an wò láìbi dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà ní Niamey, Centre National de Référence de la Drépanocytose wà níbí tó ń rí sí àrùn yìí. Tẹ́ ẹ bá lọ síbi àyẹ̀wò, électrophorèse lẹ máa béèrè.

Àwọn tí kò yẹ kó ṣe é

Ìlànà àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn tá a fẹ́ dárúkọ yìí ò gbọ́dọ̀ ṣe EMS, tàbí kí dókítà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná:

• Aboyún.
• Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ oníná sínú àyà rẹ̀ láti máa bá ọkàn rẹ̀ lù.
• Ẹni tó ní wárápá.
• Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò sì tọ́jú rẹ̀, àti ẹni tó ní àrùn ọkàn.
• Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, ìpá tàbí àrùn kíndìnrín.
• Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń dì tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá.
• Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún.
• Ẹni tí ibà ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ní ibà lónìí, kódà kó jẹ́ ibà ẹ̀fọn lásán, ẹ sún un síwájú.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè kówó tó jáde

Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, yálà níbí tàbí nígbà tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ béèrè àwọn ìbéèrè yìí:

1. Ibo ni olùkọ́ yìí ti kọ́ iṣẹ́ EMS, ṣé ìwé ẹ̀rí wà?
2. Ṣé wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nípa ìlera mi, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀? Tí wọn ò bá béèrè ohunkóhun, ẹ máa lọ.
3. Èèyàn mélòó ni olùkọ́ kan ń mójú tó lẹ́ẹ̀kan náà? Kò yẹ kó ju ẹni méjì lọ.
4. Báwo ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe máa rí? Ó yẹ kó kúrú, kí iná sì kéré. Ẹni tó bá ní òun máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ò mọṣẹ́.
5. Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn náà, ó yẹ kí ọjọ́ mẹ́rin wà láàárín méjì.
6. Tí mo bá ní kó dín iná kù, ṣé ó máa dín in kù lójú ẹsẹ̀?

Tí wọ́n bá ní ẹ sanwó oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi owó yín sápò.

Èyí tí kò ná wa ní kọ́bọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìmárale tó mọ níwọ̀n, irú bí ìrìn kánkán, kó sì tún máa mú iṣan ṣiṣẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Apá kejì yìí lọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé. A máa ń rìn, àmọ́ a kì í mú iṣan ṣiṣẹ́. Ohun tí EMS ń tà fún wa nìyẹn, a sì lè rí i nílé.

Ẹ gbé àga tó dúró dáadáa ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ tún jókòó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Tí ìyá àgbà ò bá lè ṣe é láìfọwọ́ tì í, kó fọwọ́ tì í, á máa dáa sí i bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀. Ẹ dúró síwájú ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ẹ rọra sún mọ́ ọn, ẹ sì ti ara yín padà. Ẹ bu omi sínú ike méjì, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè. Àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn ìrun Àṣárì, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ rìn létí odò lójú ọ̀nà Corniche. Ẹ kó àwọn ọmọ dání.

Iṣan tó le kì í ṣe ohun tí Niger ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí. Àwọn oníjàkadì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń lọ wò lọ́dọọdún, oko ríro, omi fífà àti ìdánrawò ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́. Abdoul Razak Issoufou Alfaga, tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún Niger nínú taekwondo ní Rio lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe ìdánrawò. Agbára máa ń dé díẹ̀díẹ̀, ìsinmi sì wà nínú rẹ̀.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá lówó rẹ̀, tí dókítà ti yẹ̀ yín wò, tẹ́ ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì wà nítòsí, ẹ lè dán EMS wò níwọ̀nba. Tí ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ò bá sí, ẹ lọ gbé àga ti ògiri. Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kẹ́ ẹ tó mọ jẹ́nótáìpù gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé yín.